Nígbà Tí Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé Bá Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹni tí kò tí ì ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀, ó sì dá a sílẹ̀ nínú ilé tiwa pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àpótí kékeré tí ń tan iná ṣẹ́jú-ṣẹ́jú ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, èyí tí a ń pè ní ráútà, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣe nígbà tí ó bá kọ̀ láti mú íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún wa. Àwa kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Akọ̀wé ni wá, gègé ni a sì mọ̀ ọ́n lò. Ohun tí ojú wa rí, àti ohun tí a kọ́ lẹ́yìn tí ojú ti rí i, ni a óò sọ.

Ní ọdún tí ó kọjá, nínú oṣù Keje, ọmọbìnrin wa àgbà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọbìnrin. Ìyá wa, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó sì ń gbé pẹ̀lú wa ní Ìbàdàn, ni ó ń fún gbogbo ọmọ tí a bá bí nínú ìdílé wa ní oríkì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ọmọ kan tí ó fò dá. Níwọ̀n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́, a bá àwọn ọmọ náà ṣe àdéhùn pé ní ọjọ́ kẹjọ, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, a ó pe ara wa lórí fóònù pẹ̀lú àwòrán, kí Màmá lè rí ojú ọmọ kí ó sì pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Ní ìgbà ooru wọn lọ́hùn-ún, aago tiwọn àti tiwa máa ń dọ́gba, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣi àkókò.

Màmá ti jí láti ìdájí. Ó wọ aṣọ òfì tí ó fi ṣe ọpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀, ó wé gèlè, ó sì jókòó sí iwájú fóònù bí ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò. A rí ilé tí ó kún fún ènìyàn, a rí àwo oyin àti iyọ̀ àti orógbó, a rí ọmọ. Bí Màmá ti ya ẹnu báyìí, ojú ọmọ náà dúró gbagidi lójú fóònù, kò mì mọ́. A tún pè. Wọ́n gbé e. Ó tún já. Ní ìgbà kẹta, ohùn Màmá nìkan ni a ń gbọ́ nínú pálọ̀ wa, tí ó ń wí pé, “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Nígbà tí ó pé ogún ìṣẹ́jú, àwọn àlejò ọ̀hún kò lè dúró mọ́, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì jẹun. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó sì wọ iyàrá lọ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìbá sàn fún wa bí ó bá bínú.

Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, ẹni tí ó kéré jù ni a kọ́kọ́ máa ń wò lójú. Ọmọ àbúrò wa kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó wà nínú ìdánwò NECO nígbà náà, ó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Lójú wa, ẹjọ́ náà ti parí kí a tó jókòó dá a: òun ni ó fi gbogbo òru wo bọ́ọ̀lù, òun ni ó jẹ dátà ilé tán. Ó wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú, n kò fọwọ́ kàn án. Ìwé ni mo ń kà lánàá.” A kò gbọ́. A gba fóònù rẹ̀, a sì tì í mọ́ inú àpótí. A ra dátà kún dátà lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀sẹ̀ náà, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì sàn. Èyí nìkan ìbá ti tó láti fi hàn wá pé kì í ṣe dátà ni àìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti dá ẹjọ́ tán, a kò sì wá ẹ̀rí mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò wa yà sí ilé wa nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn, ìyàwó wa sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá wa wo ráútà. A rò pé yóò kó irinṣẹ́ jáde, yóò sì tú nǹkan náà wò. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó, ó mu omi, ó sì bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: “Bàbá, ṣé gbogbo fóònù ilé ni kò ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹyọ kan? Ṣé gbogbo iyàrá ni, àbí ibì kan? Ṣé ìgbà gbogbo ni, àbí ó ní ìgbà tí ó máa ń ṣe é?” A kò rí ìdáhùn sí ọ̀kankan nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni a ti ń bínú sí nǹkan náà, a kò sì tí ì fara balẹ̀ wò ó.

Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mú lọ ju ohun mìíràn lọ, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ náà tán. Bí ó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́ tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, fóònù náà ni kí a tọ́jú, kí a fi ráútà sílẹ̀. Kí a pa á kí a tún un tàn. Kí a mú kí ó gbàgbé Wi-Fi ilé, kí a sì tún fi pásíwọ́ọ̀dù mú un wọlé ní ọ̀tun. Kí a wo ọjọ́ àti aago rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá, tí ó sì jí pẹ̀lú ọjọ́ tí kò tọ̀nà, kì yóò lè ṣí ọ̀pọ̀ ojú-ewé: ojú-ewé wọ̀nyí a máa fi ìwé ẹ̀rí hàn kí fóònù tó gbà wọ́n, ìwé ẹ̀rí náà sì ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Bí ó bá jẹ́ iyàrá kan ni kò dára, ògiri ni, tàbí ibi tí a gbé ráútà sí. Bí gbogbo fóònù bá kú papọ̀ ní gbogbo iyàrá, ó di ọ̀ràn ráútà, tàbí ti ohun tí ó wà lẹ́yìn ráútà.

Ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ráútà pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ Màmá ṣe àpẹẹrẹ. Láti ẹnu rẹ̀, ó wọ inú fóònù. Láti inú fóònù, ó gba inú afẹ́fẹ́ pálọ̀ dé ráútà. Láti inú ráútà, nípa síìmù tí ó wà nínú rẹ̀, ó gba inú afẹ́fẹ́ dé òpó gíga ilé-iṣẹ́ tí ń tà á fún wa. Àwọn mìíràn kì í lo síìmù. Okùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà inú rẹ̀ kọjá ni ó wọ ilé tiwọn. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lọ sí Èkó, ó wọ inú okùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, ó gba ẹ̀bá Áfíríkà gòkè lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, kí ó tó dé Manchester, níbi tí ráútà mìíràn ti ń dúró dè é. Gbogbo ìrìn yìí, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá já ní ibì kan ṣoṣo nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, ohun kan náà ni ojú wa yóò rí nínú pálọ̀: ọmọ tí kò mì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe Wi-Fi ní íntánẹ́ẹ̀tì, àwa náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Wi-Fi ni ọ̀nà láàrin fóònù àti ráútà, nínú ilé nìkan. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ohun tí ráútà ń bù wá láti òde. Àmì Wi-Fi lè kún lójú fóònù kí íntánẹ́ẹ̀tì má sì sí rárá, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ omi ti lè dán gbinrin nínú ilé ìwẹ̀ kí táńkì sì gbẹ. Bí a bá fẹ́ mọ èyí tí ó ń ṣe wá, kí a pa Wi-Fi lórí fóònù, kí a sì lo dátà ti fóònù fúnra rẹ̀. Bí ojú-ewé bá ṣí wẹ́rẹ́, a mọ̀ pé àlàáfíà ni fóònù wà, ọ̀nà ráútà ni kò dára. Bí a bá ní kọ̀ǹpútà, kí a fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀yìn ráútà tààrà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ lórí wáyà tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi, inú ilé ni ìjàǹbá wà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbì kankan, kí a wo ìta.

Àwọn àgbà lè rántí àpótí rédíò olówáyà, èyí tí ó dé Èkó ní ọdún 1935 tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àwọn baba wa fún rédíò ní orúkọ tí ó bá a mu gan-an, asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ráútà yàtọ̀ sí i ní ọ̀nà yìí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba èsì. Fóònù tí ó wà ní iyàrá ẹ̀yìn lè máa gbọ́ ohùn ráútà, nítorí ohùn ráútà lágbára díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ráútà má gbọ́ ohùn fóònù, nítorí agbára fóònù kéré. Nígbà náà àmì yóò wà lójú fóònù, a ó sì máa wí pé “nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà mà,” ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní lọ. Ẹni tí ń wo fídíò lásán lè má tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó fẹ́ kí a gbọ́ ohùn òun ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ilé tiwa, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀dà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkómọjáde náà, a kun pálọ̀ wa, a sì kó ẹrù inú rẹ̀ síta. Ráútà ti máa ń wà lórí wíńdò tí ó kọjú sí òpó ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí a ń kó ẹrù padà, a rò pé kò bá ọ̀dà tuntun mu, a sì gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, lórí kọ́bọ́ọ̀dù onírin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ńlá, kí àlejò má baà rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí i. Ó ní irin a máa dá ohùn ráútà padà, dígí pẹ̀lú a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí a fi pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ògiri bíríkì tí ó nípọn a máa dín in kù, dẹ́kìn-ín tí irin wà nínú rẹ̀ a sì máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táńkì omi a máa mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ráútà fẹ́ ibi gíga, ibi gbangba, ní àárín ilé bí ó bá ṣeé ṣe. Èyí tí ó bá sì ń lo síìmù fẹ́ kí ó súnmọ́ wíńdò. Kò yẹ kí a fi aṣọ bò ó, nítorí ara rẹ̀ máa ń gbóná, ó sì nílò afẹ́fẹ́.

Ó tún fi hàn wá pé orúkọ méjì ni ráútà wa ń pè ní ojú fóònù, a kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti 2.4 GHz, èkejì jẹ́ ti 5 GHz. Ti 2.4 a máa rìn jìnnà, a sì máa la ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀: ráútà gbogbo aládùúgbò wà níbẹ̀, àdógán máíkírówéèfù tí a fi ń gbóná oúnjẹ sì ń lo ojú ọ̀nà kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí Wi-Fi lè máa kọsẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ti 5 a máa yára jù, kì í sì í rìn jìnnà. Ẹni tí ó jókòó nínú pálọ̀ kan náà pẹ̀lú ráútà, kí ó lo ti 5. Ẹni tí ó wà ní iyàrá ìkẹyìn, kí ó lo ti 2.4. Ní ojú ọ̀nà 2.4 yìí, ipa 1, 6 àti 11 ni kì í fara gbún ara wọn. Ẹni tí ó ń gbé ilé olókè tí ráútà pọ̀ nínú rẹ̀ lè yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn aládùúgbò kò pọ̀ lórí rẹ̀.

A gbé ráútà padà sórí wíńdò. Íntánẹ́ẹ̀tì sàn lójú kan náà. Inú wa dùn, a sì fẹ́ dúpẹ́ kí a sì sin ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní kí gbogbo ará ilé gbé fóònù wọn wá, kí gbogbo wọn wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ti ṣe èyí, tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo iná ara ráútà kú, wọ́n sì tún tàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í bọ iná. Bẹ́ẹ̀ ni iná mọ̀nàmọ́ná kò lọ. Fáànù ń yí lókè.

Nígbà náà ni ó yọ ṣájà ráútà, ó sì gbé e lọ sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ohun tí a kọ sí ìdí ráútà ni 12V 1.5A. Ohun tí a kọ sí ara ṣájà ni 12V 0.5A. Ṣájà àtùpà ni! Ní ọjọ́ ọ̀dà, nígbà tí a ń kó wáyà padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, a mú ti àtùpà tí a ń ṣájì fún ráútà, a sì mú ti ráútà fún àtùpà, nítorí pé dúdú ni àwọn méjèèjì, ẹnu wọn sì bára mu. Ìyàwó wa rántí lójú kan náà pé àtùpà ti ń yára kún láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ti rò pé iná ìjọba ni ó dára sí i.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí. Lẹ́tà V ni agbára tí ń ti iná wọlé, lẹ́tà A sì ni bí iná tí ṣájà lè bù fún ẹ̀rọ ti pọ̀ tó. Nígbà tí ráútà bá wà láìṣe iṣẹ́, ìwọ̀nba iná ni ó ń mu, ṣájà kékeré lè tó o. Gbogbo iná rẹ̀ yóò tàn, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Nígbà tí fóònù mẹ́rin márùn-ún bá gbé iṣẹ́ lé e lórí, òùngbẹ rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣájà kékeré kò lè bù tó, ráútà a sì dákú. Ní ọjọ́ ìkómọjáde, gbogbo àlejò wa ni ó ti gba pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: iye V gbọ́dọ̀ bá ti ara ráútà mu gan-an, nítorí èyí tí ó bá ga jù lè jó o, iye A lè dọ́gba tàbí kí ó jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Kí a sì wo àwòrán kékeré tí ó fi ibi tí àmì ròpọ̀ àti àmì yọkúrò wà lẹ́nu ṣájà hàn, kí méjèèjì bára mu. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọ̀dà pálọ̀ wa tí ó ṣẹ́kù kọ RÁÚTÀ sí ara ṣájà náà. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ó ku ọ̀rọ̀ dátà. Nítorí pé a ṣì ń wo ọmọ àbúrò wa bí ẹlẹ́ṣẹ̀, a bèèrè bóyá a lè mọ ẹni tí ó ń jẹ dátà ilé. Ó ní fóònù kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìṣirò tirẹ̀, ó sì ṣí i fún wa. A gbé fóònù ọmọ náà jáde nínú àpótí. Ohun tí ó lò nínú oṣù náà kéré. Ti ìyàwó wa jẹ́ ìwọ̀nba. Tiwa ni ó ga jù lọ nínú ilé, kò sì sí ẹni tí ó súnmọ́ wa! Ẹgbẹ́ mẹ́tàlá ni a wà nínú rẹ̀ lórí WhatsApp, gbogbo fídíò ìkíni òwúrọ̀ àti ti ìkìlọ̀ tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́, fóònù wa a máa gbà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe pé a wò ó tàbí a kò wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fọ́tò wa ń gòkè lọ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òru. A pa méjèèjì, dátà oṣù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìparí oṣù. Ẹni tí ó bá ra dátà tí wọ́n pè ní aláìlópin, kí ó ka ìwé àdéhùn rẹ̀, nítorí nínú púpọ̀ wọn ìwọ̀n kan wà tí a bá ti kọjá rẹ̀, wọn kò ní ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọn yóò dín ìyára rẹ̀ kù.

Kí a tó padà sí ọ̀rọ̀ Màmá, ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa ìgbà tí ẹ̀bi kò sí nínú ilé rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ òkun, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ ní ẹ̀bá Abidjan ní ilẹ̀ Côte d’Ivoire. Ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, íntánẹ́ẹ̀tì fà, iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ sì dàrú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó pa ráútà rẹ̀ tí ó tún un tàn títí ọwọ́ fi ro ó, bí ẹni pé òkun wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ráútà bá ń tàn dáadáa tí kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a bi aládùúgbò tí ń lo ilé-iṣẹ́ kan náà, kí a sì bi ẹni tí ń lo òmíràn. Bí ti gbogbo wọn bá já, kí a jókòó kí a ka ìwé.

Ẹni tí ó ń lo okùn dígí, kí ó wo iná tí a kọ LOS sí lára. Bí ó bá pọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ kò dé inú àpótí mọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń ṣe ọ̀nà ti fi kátakátà gé okùn náà, ó sì lè jẹ́ pé ọmọdé ti ká a tàbí kí àga tẹ̀ ẹ́. Dígí ni, kò fẹ́ kí a ṣẹ́ ẹ po. Kí a tú u sílẹ̀ kí ó má ká, kí a má sì wo ojú ihò rẹ̀. Bí ó bá ṣì pọ́n, ilé-iṣẹ́ ni kí a pè. Ẹni tí ó ń lo síìmù, kí ó rántí pé síìmù inú ráútà pẹ̀lú jẹ́ síìmù bí ti fóònù. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ọ̀pọ̀ síìmù tí a kò so ni wọ́n ti tì pa. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá dáhùn ẹ̀sùn wa, kí a gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn, kí a sì pe àjọ NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.

Nípa pípa ráútà àti títàn án: ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkánjú kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí a tì í padà, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kọ RESET sí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi abẹ́rẹ́ sí i, kí ẹ̀yin náà má sì fi sí i nínú ìbínú, nítorí yóò pa gbogbo ètò inú rẹ̀ rẹ́, yóò sì gbàgbé orúkọ ilé yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, kí ó kọ nọ́ńbà tí ó wà ní ìdí ráútà, bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, sí ibi tí à ń kọ orúkọ ojú-ewé sí nígbà tí fóònù bá wà lórí Wi-Fi ilé, yóò sì rí ìlẹ̀kùn ráútà. Níbẹ̀ ni yóò tún ti rí iye fóònù tí ó so mọ́ ọn. Àwa bá méjì tí a kò mọ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì ni, àbíkẹ́yìn wa ni ó sì fún wọn ní pásíwọ́ọ̀dù. A jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti lọ, a pe ọmọ àbúrò wa sí pálọ̀, níwájú ìyàwó wa àti Màmá. A fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, a sì wí fún un pé a ti ṣẹ̀ ẹ́. Ìwé ìdánwò méjì ni ó ti ṣe nínú ọ̀sẹ̀ náà láìní àwọn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí ó kó sínú fóònù náà, a kò sì lè dá ìyẹn padà fún un. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀.” Màmá ni ó dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀: “Ó tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó bẹ̀ ọ́.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ náà ni ó gbé fóònù lé orí tábìlì, tí ó fi Bíbélì ńlá gbé e dúró ní ẹ̀yìn, tí ó sì pe Manchester. Màmá tún wọ aṣọ òfì náà. Kò sí àlejò lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ náà, ọmọbìnrin wa nìkan ni ó jókòó, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màmá pe oríkì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó fi ìsinmi díẹ̀ sí àárín wọn, ó sì dákẹ́. Ọmọbìnrin wa nu ojú. Ọmọ náà ya ẹnu, ó yán, ó sì tún ojú dì.

Màmá ní, “Ó ti gbọ́.”